Èmi, Tanímọ̀la àti Òkun Chesil: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ajá Lọ Pàgọ́ Pẹja Létí Òkun

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń pẹja lọ́sà, ìyá mi ń tà á lọ́jà Olúwo, nítorí náà lọ́jọ́ tí mo pe ìyá mi pé mò ń lọ sùn lẹ́bàá òkun láti pẹja, kò yà á lẹ́nu rárá. Ẹni tí mo fẹ́ bá lọ ló yà á lẹ́nu. "Ajá? Ajá ni yóò bá ọ sun inú àgọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ènìyàn ti tán ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"

Ènìyàn kò tán. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó máa bá mi dìde ní aago mẹ́rin ìdájí nínú òtútù, tí kò ní bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Woolwich. Bí ìsinmi mi bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ nígbà tí oòrùn wọn bá jáde, èmi àti Tanímọ̀la ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ tí àwọn ọdẹ máa ń sọ ajá nílé ni mo sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò mi ń pè é ní Tani, wọ́n rò pé orúkọ òyìnbó kan ni.

Ọdún karùn-ún tí a ti ń lọ rèé. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni ohun tí ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi lọ́dún àkọ́kọ́: ajá ni kí ẹ fi ṣètò ìrìn náà, kí ẹja tẹ̀ lé e. Mo ti fi ẹja ṣáájú rí. Owó tí dókítà ẹranko gbà lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn á ra ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta.

Ibi tí à ń lọ

Chesil ni, etí òkun kan ní agbègbè Dorset, ní England. Láti Woolwich, ọ̀nà márosẹ̀ M25 ni mo máa ń gbà bọ́ sí M3, lẹ́yìn náà M27, A31 àti A35 títí dé Dorchester, kí n tó yà sí abúlé Abbotsbury. Wákàtí mẹ́rin ni mo máa ń fún un, torí pé ajá gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà láti tọ̀ àti láti mu omi.

Àwòrán kan ló gbé mi débẹ̀. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tóóró wà láàárín méjèèjì. Mo ní, háà, ilé wa rèé! Bí ilẹ̀ ṣe rí láti Lẹ́kí lọ sápá Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ọ̀sà tiwọn ń jẹ́ Fleet. Etí òkun náà gùn tó máìlì 18, bíi kìlómítà 29, láti West Bay dé Portland.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé òkúta ló wà níbi tí yanrìn ìbá wà, òkúta róbótó-róbótó tí òkun ti yí títí tó fi ń dán. Lápá West Bay wọn ò ju ẹ̀wà lọ. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ Portland ni wọ́n ń tóbi sí i, títí wọ́n á fi tó ọ̀dùnkún. Wọ́n máa ń sọ pé apẹja àtijọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ lóru dúdú á kàn fọwọ́ kan òkúta ilẹ̀, á sì ti mọ ibi tí òun dé.

Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ajá ni kí ẹ fi wò ó. Òkúta ńlá apá Portland máa ń yẹ̀ lábẹ́ ajá, èékánná rẹ̀ lè há sáàárín wọn. Apá Abbotsbury sàn, àmọ́ òkúta kéékèèké ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi pé ènìyàn ń rìn lórí gàrí inú àpò. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀ á mú ajá mí hẹlẹ-hẹlẹ. Tanímọ̀la ti ń lọ sí ọdún mẹ́jọ, nítorí náà mi ò kọjá ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ní ẹja ń hó lókè ọ̀hún.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń ti apá kan etí òkun náà pa, níbi tó kẹ̀yìn sí Fleet, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé sórí ilẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní little tern, ẹyẹ kékeré báyìí, tí ẹyin rẹ̀ jọ òkúta débi pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ má mọ̀. Ẹ ka pátákó tó wà níbi ìgbọ́kọ̀sí kí ẹ tó sọ ajá kalẹ̀. Ẹ má sì kó òkúta ibẹ̀ sápò o, òfin kò gbà á. Àbígbẹ̀yìn mi kó mẹ́ta lọ́jọ́ tó bá wa lọ. Mo ní kó lọ dá wọn padà, ó sì bínú sí mi títí a fi dé Southampton.

Àgọ́

Ẹ má pàgọ́ sórí òkúta yẹn. Ní England, gbogbo ilẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, níbi tó pọ̀ jù ẹ sì gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí ẹ tó sùn lé e. Scotland yàtọ̀, òfin tiwọn ti ọdún 2003 la ọ̀nà fún alágọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní Dorset, oko tó ń gba alágọ̀ọ́ pọ̀ lẹ́yìn àwọn abúlé etí òkun, owó wọn kò sì wọ́n jù.

Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ má kàn bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ajá. Ẹ bi wọ́n bóyá àgùntàn wà ní pápá ẹ̀gbẹ́. Òfin ibí gba àgbẹ̀ láyè láti yìnbọn pa ajá tó ń da àgùntàn rẹ̀ láàmú, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dá a dúró. Ajá tó ń ṣe jẹ́jẹ́ ní Woolwich lè rí àgùntàn kó di ọdẹ.

Okùn àgọ́ kọ́ ni wọ́n ń so ajá mọ́. Mo ṣe é rí. Tanímọ̀la rí ehoro, àgọ́ tẹ̀ lé e. Èèkàn tó máa ń lọ́ wọ ilẹ̀ bí ìdérí ìgò ni kí ẹ rà, ó dára lórí koríko.

Ilẹ̀ ló ń mú ajá lótùútù lóru ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ tẹ́ nǹkan tó nípọn sábẹ́ rẹ̀. Ìró ànkárá mi mẹ́ta tó ti gbó, tí mo ká léra lórí fóòmù, ni ibùsùn tirẹ̀.

Bí òtútù bá sì mú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú àgọ́. Kódà bí iná rẹ̀ bá ti kú lójú yín, kódà bó bá ku eérú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, kò ní èéfín, ó sì ń pa ènìyàn àti ajá lójú oorun. A ti mọ èédú láti kékeré, a sì rò pé a mọ gbogbo ìwà rẹ̀. Gbàgede la ti ń lò ó nílé, kì í ṣe inú ọ̀rá.

Ajá

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tèmi, ẹjọ́ ọdẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Ìgbì Chesil ń pariwo débi pé ohùn yín kò ní dé ọ̀dọ̀ ajá tó wà ní ìwọ̀n ilé márùn-ún sí yín, nítorí náà ẹ ra fèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ẹ fọn ún lẹ́ẹ̀mejì ṣókí, kí ẹran adìẹ sì wà lọ́wọ́ yín nígbà tó bá dé. Gbogbo ìgbà ni o. Ọjọ́ tí ẹ bá fọn fèrè láìsí ẹran lọ́wọ́, ó ti gbọ́ irọ́ yín.

Láti ọdún 2016, òfin ti sọ ọ́ di dandan ní England pé kí ajá ní microchip, ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, lára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ níta gbangba. Mo máa ń fi nọ́ńbà fóònù kún un, torí kò sí ẹni tó máa gbé ajá láti Dorset wá kanlẹ̀kùn ní Woolwich.

Omi mímu ńkọ́? Lítà márùn-ún fún ajá nìkan fún ọjọ́ kan létí òkun. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á mu omi òkun, iyọ̀ á sì da inú rẹ̀ rú, bó bá pọ̀ ó lè pa á.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dókítà. Lọ́dún àkọ́kọ́, okùn mi ni mò ń wò, mi ò wo ajá. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Tanímọ̀la ti ń lá nǹkan funfun kan tó tó ìkúùkù. Mo rò pé òrí ni. Bí òrí tí wọ́n ń tà nínú igbá gan-an ló rí, ó funfun, ó dì, ó ń yọ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí epo tó ti kan. Mo jù ú sómi, mo padà sídìí ọ̀pá mi. Lóru ọjọ́ yẹn ó bì títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tó di àárọ̀ kò lè dìde.

Dókítà ẹranko tí mo gbé e lọ bá kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán tó fi béèrè pé, "Ṣé etí òkun lẹ ti ń bọ̀?" Epo pupa ni! Àwọn ọkọ̀ òkun tó ń kó epo kọjá máa ń fọ ikùn ọkọ̀ wọn dànù sínú agbami. Epo náà á dì nínú omi tútù, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ìgbì á gbé e wá sórí òkúta. Ajá fẹ́ràn òórùn rẹ̀ ju ẹran lọ. Bó bá jẹ ẹ́, á bì, á ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Ó lè dí ìfun rẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní pancreas wú. Ọjọ́ kan àti òru kan ni Tanímọ̀la fi gba omi sára.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó pariwo. "Epo? Epo wo?" Mo mọ̀ ohun tó ń rò. Nílé, bí ajá bá jẹ májèlé, epo pupa la máa ń sáré dà sí i lẹ́nu, epo tí gbogbo wa mọ̀ sí ẹ̀rọ̀. Wá wo ọmọ ọlọ́jà Olúwo tí epo sọ di èrò ilé dókítà. Títí di òní, ó gbà pé ohun mìíràn ni mo fún ajá jẹ. Ẹ má ṣe da epo sí ajá lẹ́nu o, ohun yòówù kó jẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ sì ti wá nọ́ńbà èyí tó súnmọ́ ibi tí ẹ ń lọ, èyí tó ń ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Ní tèmi, bí a bá ti débẹ̀ báyìí, èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ máa ń rìn ní ìlà tí ìgbì da ìdọ̀tí sí, kí n wò ó dáadáa. Ajá ṣì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí oòrùn bá mú, ẹlòmíràn ló máa rìn ín, tàbí kí n mú un dání pẹ̀lú okùn kúkúrú. Ajá kì í pẹ́ kú nínú ọkọ̀ tó gbóná.

Ẹja

Ẹ ò nílò ìwé àṣẹ láti fi ọ̀pá pẹja inú òkun ní England. Odò àti adágún ló nílò rẹ̀.

Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12 tó lágbára ni kí ẹ mú. Okùn tó nípọn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ so mọ́ orí okùn yín, shock leader ni wọ́n ń pè é: fún ounce òjé kọ̀ọ̀kan, kó lè gbé pọ́n-ùn mẹ́wàá. Òjé ounce 5, okùn pọ́n-ùn 50. Ẹ má fojú di èyí, torí bí okùn tínrín bá já nígbà tí ẹ ń jù, òjé yẹn á fò bí ọta ìbọn, ajá yín sì lè wà lọ́nà rẹ̀.

Lójú mọmọ, Títù là ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, Títù tí a ń rà ní dídì lọ́jà nílé ni òyìnbó ń pè ní mackerel, ààyè rẹ̀ sì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí mo dákẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà bí aṣọ àdìrẹ. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ló dára jù fún un, wákàtí méjì tó ṣáájú ìwọ̀ oòrùn pàápàá. Ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń tà á ní mẹ́fà-mẹ́fà lórí okùn kan. Ẹ gé e sí méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwọ̀ mẹ́fà pẹ̀lú ẹja mẹ́ta tó ń fò lórí òkúta, níwájú imú ajá, ìjàǹbá ni.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń yí ọwọ́ padà: ìwọ̀ kan, ẹran Títù tínrín, òjé sí ìsàlẹ̀ omi. Kòtè máa ń wọlé nígbà yẹn. Ẹja kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ gùn bí abẹ́rẹ́, garfish, àwọ̀ eegun rẹ̀ dà bí ti ewé ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ má bẹ̀rù, ó ṣe é jẹ. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni dogfish, ẹja tí wọ́n fi orúkọ ajá pè. Awọ rẹ̀ le bíi sáńdípépà, á sì wé mọ́ yín lọ́wọ́ bí ejò nígbà tí ẹ bá ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tanímọ̀la ń gbó o gan-an. Bóyá ó mọ̀ pé ẹnì kan jí orúkọ òun lò. Omi ni mo máa ń dá a padà sí.

Bí ẹ bá mú ẹja tí wọ́n ń pè ní bass, ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìparí ìrù. Bí kò bá pé sẹ̀ǹtímítà 42, ẹ tú u sílẹ̀. Iye tí ẹ lè mú lọ sílé àti oṣù tí ẹ lè mú un máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wò ó lójú òpó ìjọba kí ẹ tó jáde.

Ibo wá ni ajá máa wà? Lẹ́yìn yín, lókè, kó jìnnà ju ibi tí ọ̀pá lè dé nígbà tí ẹ bá nà án sẹ́yìn. Èèkàn kò lè dúró nínú òkúta, mo fi ìdajì ọjọ́ kan gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí mo wá rí ni àpò ìrẹsì. Àpò kìlò mẹ́wàá tó ti tán, mo máa ń rọ òkúta kún un, mo so ẹnu rẹ̀, mo gbẹ́ kòtò díẹ̀, mo sin ín, mo sì so okùn ajá mọ́ ọn. Kò tíì sí ehoro tó fà á yọ. Bí mo bá ń lọ, mo da òkúta náà padà.

Ìdẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó ní ìdérí. Ajá kò mọ̀ pé ìwọ̀ wà nínú ẹran. Bí ìwọ̀ bá gún un ní ètè, tí ẹ sì ń rí orí rẹ̀, ẹ tì í síwájú kó yọ síta, ẹ fi ẹ̀mú gé ibi tó ní ìkọ́, kí ẹ tó fà á padà. Bó bá gbé e mì, ẹ má fa okùn náà rárá. Ẹ gé e kó gùn tó apá kan lóde, ẹ so ó mọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Kí n tó gbàgbé, ìgbì. Etí omi Chesil dà gẹ̀rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì péré, omi ti jìn. Nígbà tí ìgbì bá ń padà, á fa òkúta abẹ́ ẹsẹ̀ yín lọ, ẹ ó máa gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sínú agbada. Ọjọ́ mìíràn wà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere tí ìgbì ńlá sì ń bọ̀ láti Àtìláńtíìkì, lára ìjì tó jà sọ́nà jíjìn. Ẹ dúró lókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ kọ́kọ́ wò ó. Mo ti padà sínú àgọ́ láìju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Bí omi bá gbé ajá, ẹ má bọ́ tẹ̀ lé e. Ajá máa ń rí ọ̀nà jáde, ẹni tó wọlé lọ gbà á ni kì í jáde nígbà mìíràn. Ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard, àwọn agbanilà etí òkun, lẹ ń wá.

Títù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ ìfun rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Lálẹ́ mo máa ń din ín lórí sítóòfù gáàsì níwájú àgọ́, pẹ̀lú iyọ̀ àti ata rodo tí mo ti lọ̀ láti ilé, mo sì máa ń rẹ gàrí Ìjẹ̀bú sínú kọ́ọ̀pù onírin. Ti Tanímọ̀la ni mo kọ́kọ́ ń sè, nínú omi lásán, láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, torí májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá. Mo yọ gbogbo eegun rẹ̀. Á jẹ ẹ́ tán kí n tó gbé gàrí tèmi dé ẹnu.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí a tó wọ ọkọ̀, mo fi omi tútù ṣan iyọ̀ lára rẹ̀. Mo wo inú etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá eégbọn wà. Bí mo bá rí i, ìkọ́ eégbọn ni mo fi ń yí i jáde, mi ò kí ń tẹ ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á sùn láti Dorchester títí dé Woolwich.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gbọn ìró ànkárá rẹ̀ lójú fèrèsé, òkúta kan bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, kékeré, pupa rúsúrúsú, bí ẹ̀pà tó ti yan. Ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi báyìí, ó ń retí oṣù keje kí n lè dá a padà.